Ojú rí i, etí gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní agbègbè Kétu

    

Mo júbà àwọn àgbà kí n tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, kọ̀rọ̀ ni a ti máa ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí ni. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gbọ́ ohùn, nígbà tí kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gbọ́ òórùn iná, nígbà tí kò sí iná nílé.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Nítorí náà, ilé tèmi ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi àgbà

Ìyá tó bí bàbá mi dàgbà, ó darúgbó. Nǹkan funfun bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Kò ríran dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó mọ iye tí oníkálùkù jẹ ẹ́ lọ́jà. Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí gbogbo wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bi mí pé: «Ọmọ ta ni àwọn ọmọ wọ̀nyí tó jókòó sí ẹ̀bá ààrò, tí wọn kò kí mi?»

Mo wo ẹ̀bá ààrò. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Ó ní wọ́n kéré, wọ́n wọ aṣọ aláràbarà, wọn kò sì sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká agbo ilé. Àwọn kan ní ó ń bá òkú sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní àjẹ́ ni, pé àwọn ọmọ tó ti pa ni ó ń rí. Àwọn ìyàwó ilé kò jẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ ọn mọ́.

Èmi ńkọ́? Mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà. Mo ti kàwé jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún wá sílé fún ìsinmi, ìyá mi àgbà gbé àkàsà fún mi, mo ní mo ti yó. Ebi ń pa mí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Kò sọ nǹkan kan. Ó bo àkàsà náà, ó gbé e padà.

Láti ọjọ́ náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ nípa ohun tó ń rí. Nígbà tó kú, kò sí ọmọ kankan tó ń jókòó tì í mọ́.

Lẹ́yìn tí a ti sin ín ni mo kà nípa àìsàn tó ń rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn náà ní orúkọ. Kì í ṣe àjẹ́. Kì í ṣe wèrè. Àìsàn ẹni tí ojú rẹ̀ ń fọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró níwájú yín. N kò fẹ́ kí ìyá ẹlòmíràn kú bí ìyá mi àgbà ṣe kú.

Ọba tí kì í jáde

Báwo ni a ṣe ń mọ ohun tó wà láyé? A ní ojú, a ní etí, a ní imú, a ní ahọ́n, a ní awọ ara. Wọ́n jẹ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ojú nìkan kọ́ ló ń ríran. Etí nìkan kọ́ ló ń gbọ́ràn. Ọpọlọ tó wà nínú agbárí ni ó ń parí iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọpọlọ wé ọba kan tí kì í jáde. Ààfin rẹ̀ ṣókùnkùn. Kò ní fèrèsé. Ọba yìí kò rí ìlú rẹ̀ rí. Àwọn ìránṣẹ́ márùn-ún ni ó ń mú ìròyìn wá fún un. Ojú mú ìròyìn tirẹ̀ wá, etí mú tirẹ̀ wá, imú náà mú tirẹ̀ wá. Ọba gbọ́, ó ronú, ó sì dájọ́. Ó ní: «Ewúrẹ́ nìyẹn.» Tàbí ó ní: «Òjò ń bọ̀.» Ohun tí ọba bá sọ ni a ń rí. Ohun tí ọba bá sọ ni a ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n bí ìránṣẹ́ kan kò bá wálé mọ́ ńkọ́? Bí ibà bá mú ọba fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá fún ọba ní ọtí mu yó ńkọ́? Bí ariwo bá ṣẹlẹ̀ nínú ààfin, tí ọba rò pé láti ìta ni ó ti wá ńkọ́?

Nígbà náà, ọba lè sọ pé: «Ewúrẹ́ nìyẹn», kí ó sì jẹ́ pé kò sí ewúrẹ́ níta. Ẹni náà yóò sì rí ewúrẹ́ gan-an. Yóò rí ìwo rẹ̀, yóò rí irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú: kì í ṣe pé ó ń parọ́.

Gbogbo wa ni a mọ nǹkan yìí díẹ̀. Nígbà tí a bá ń lá àlá, ojú wa pa dé, síbẹ̀ a ń rí ènìyàn. Ọba ń sọ̀rọ̀ láìsí ìránṣẹ́. Ohun tí mò ń sọ lónìí rí bí àlá tó wá bá ẹni tí ojú rẹ̀ là.

Àwọn dókítà ń pè é ní halusinasíọ̀n lédè Faransé. Ní kíláàsì wa, ẹ jẹ́ kí á pè é ní òfo, nítorí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìrí-òfo ni ti ojú. Ìgbọ́-òfo ni ti etí. Òórùn-òfo ni ti imú. Ìtọ́wò-òfo ni ti ahọ́n. Ìfarakàn-òfo ni ti awọ ara.

Ẹ má ṣe pe òfo ní ẹ̀tàn ojú o. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹ̀tàn ojú nìyẹn. Ekòló wà nílẹ̀ lóòótọ́, òun ló pè é ní ejò. Ṣùgbọ́n nínú òfo, kò sí ejò, kò sí ekòló, kò sí okùn.

Ìrí-òfo

Ìlú Geneva wà ní ilẹ̀ Switzerland. Ní ọdún 1760, ọkùnrin ọ̀mọ̀wé kan níbẹ̀, Charles Bonnet, kọ̀wé nípa bàbá rẹ̀ àgbà. Orúkọ bàbá náà ni Charles Lullin. Ó ti sún mọ́ ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ojú rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n orí rẹ̀ pé. Bàbá yìí ń rí ọkùnrin àti obìnrin, ó ń rí ẹyẹ, ó ń rí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó ń rí ilé ńlá. Wọn kò sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé wọn kò sí níbẹ̀. Títí di òní, orúkọ Charles Bonnet ni àwọn dókítà fi ń pe àìsàn náà.

Kí ló fà á? Ìránṣẹ́ tó ń jẹ́ ojú kò mú ìròyìn tó pọ̀ wá mọ́. Ọba kò lè jókòó lásán. Ó ń yọ àwòrán láti inú àpò ara rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, àwòrán náà máa ń pọ̀ sí i. Nígbà mìíràn, àwọn ènìyàn kékeré tó wọ aṣọ dáadáa ni arúgbó ń rí. Ẹ rántí àwọn ọmọ tó jókòó sí ẹ̀bá ààrò.

Kí ni a lè ṣe? Kí á tan iná sí i. Kí arúgbó náà pa ojú dé, kí ó tún là á, kí ó wo apá ọ̀tún àti apá òsì. Nígbà mìíràn àwòrán náà yóò lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí á mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Bí ohun funfun bá bo ẹyinjú, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n ń ṣe sí i. Ọ̀pọ̀ arúgbó ni ó ti ríran padà.

Ìrí-òfo tí ibà gbé wá yàtọ̀. Ara ọmọ gbóná, ó ń tọ́ka sí ògiri, ó ní ẹranko ń bọ̀. Nígbà mìíràn gìrì mú un. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ wá ẹni tó fi ọmọ yín ṣe nǹkan. Ibà tí ẹ̀fọn ń gbé wá lè wọ inú ọpọlọ. Bó bá wọ ibẹ̀, ó lè pa ọmọ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Ìgbọ́-òfo

Àwọn àgbà kìlọ̀ fún wa pé bí a bá gbọ́ tí a pe orúkọ wa, tí a kò sì rí ẹni tó pè wá, kí á má dáhùn. Ìkìlọ̀ yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ó ti pẹ́ tí etí ti ń gbọ́ ìpè tí kò sí olùpè.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí oorun ń kun ènìyàn, kì í ṣe àìsàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni opó tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. Ní ọdún 1971, dókítà kan ní Wales, ní Brítéènì, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Dewi Rees. Ó bi àwọn 293 léèrè, àwọn obìnrin tí ọkọ wọn kú àti àwọn ọkùnrin tí aya wọn kú. Ó sún mọ́ ìdajì wọn tó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wọn. Àwọn kan mọ̀ pé olóògbé wà nínú yàrá. Àwọn kan rí i, àwọn kan gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn díẹ̀ ní ó fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ní ó tù wọ́n nínú. Ọ̀pọ̀ wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí kí dókítà náà tó bi wọ́n. Ẹ̀yin opó tó wà níhìn-ín, bí ó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, orí yín kò dàrú. Ìfẹ́ ló ṣì ń rántí.

Ṣùgbọ́n irú ohùn mìíràn wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn lójoojúmọ́. Ohùn náà ń bú u. Ohùn náà ń ròyìn gbogbo ohun tó ń ṣe: «Ó ti dìde. Ó fẹ́ jẹun.» Nígbà mìíràn, ó ń pàṣẹ pé kí ó ṣe ara rẹ̀ léṣe, tàbí kí ó ṣe ẹlòmíràn léṣe. Kò sùn mọ́. Ó ń dá sọ̀rọ̀. Ó ti kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Àìsàn ọpọlọ ńlá nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú 300 ènìyàn láyé, ó tó ẹnì kan tó ní i. Kò yan ilẹ̀ kan. Ó wà ní ilẹ̀ àwọn funfun, ó wà lọ́dọ̀ wa.

Àwọn onímọ̀ kan, tí Tanya Luhrmann láti Amẹ́ríkà jẹ́ olórí wọn, bá 60 ènìyàn tó ní àìsàn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n bá 20 sọ̀rọ̀ ní California ní Amẹ́ríkà, 20 ní Accra ní Ghana, àti 20 ní Chennai ní Íńdíà. Wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní 2015. Ní California, ọ̀pọ̀ ohùn náà le, ó ń sọ̀rọ̀ ogun àti ìpalára. Ní Accra, ọ̀pọ̀ aláìsàn ní ohùn Ọlọ́run ni àwọn ń gbọ́, àti pé ohùn náà ń gbà wọ́n níyànjú. Ní Chennai, ohùn ìyá, ohùn bàbá tàbí ohùn ẹ̀gbọ́n ni ọ̀pọ̀ ń gbọ́. Kí ni èyí kọ́ wa? Àìsàn kan náà ni, ṣùgbọ́n aṣọ ilé tó bá bá ènìyàn ni ó ń wọ̀. Nítorí náà, bí aláìsàn bá dárúkọ ìyá ìyàwó tàbí aládùúgbò pé òun ni ó ń bú òun lóru, kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni náà ṣe nǹkan kan. Orúkọ tí ọba mọ̀ ni ọba ń dá.

Oògùn wà fún un. Ní ọdún 1952, ní Paris, Jean Delay àti Pierre Deniker fi oògùn chlorpromazine tọ́jú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ wọn balẹ̀, ohùn náà sì dínkù. Oògùn púpọ̀ ti tẹ̀ lé e. Wọn kì í wo gbogbo ènìyàn sàn pátápátá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó ń jí lọ sóko, tí ó ń tọ́ ọmọ. Ẹ má ṣe dá oògùn náà dúró nítorí pé ara ti yá. Dókítà ni yóò sọ.

Òórùn-òfo àti ìtọ́wò-òfo

Ẹnì kan ṣàdédé gbọ́ òórùn ohun tí ń jóná, tàbí òórùn ohun tó rà. Ó yẹ gbogbo ilé wò, kò rí nǹkan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó lọ. Ó tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni náà lè tẹjú mọ́ ibì kan, kí ó máa jẹ ẹnu lásán, tàbí kí wárápá gbé e ṣubú.

Òórùn náà lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ wárápá. Apá ọpọlọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Bí iná ara bá ṣẹ́ níbẹ̀ lódìlódì, ó lè di òórùn, ó lè di ìtọ́wò, ó lè di ohùn. Dókítà Wilder Penfield rí èyí ní Montreal, ní Kánádà. Láti ọdún 1930 sókè, ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn oní-wárápá, ojú wọn sì là. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Ó fi wáyà iná kékeré kan apá ọpọlọ yẹn. Aláìsàn kan gbọ́ orin, òmíràn gbọ́ ohùn ará ilé rẹ̀. Kò sí olórin nínú yàrá náà. Ààfin ni ariwo ti ṣẹlẹ̀.

Wárápá ní oògùn. Kì í ran ẹni tó bá fọwọ́ kan itọ́ aláìsàn. Ẹ má ṣe sá fún ẹni tó bá ṣubú sínú iná. Ẹ fà á jáde.

Òórùn àti ìtọ́wò lè dàrú nítorí ohun mìíràn pẹ̀lú: òtútù imú, eyín tó ti jẹrà, àìsàn korona tó bẹ̀rẹ̀ sí tàn káyé ní 2020. Oògùn mìíràn, bíi metronidazole tí wọ́n ń fún ẹni tí inú ń run, máa ń mú kí ẹnu korò bí ẹni lá irin.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọkọ gbọ́ èyí dáadáa. Ọkùnrin kan tọ́ ọbẹ̀ wò, ó korò. Ó ní: «Májèlé!» Ó lé ìyàwó. Tàbí ìyálé fẹ̀sùn kan ìyàwó kékeré. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tó jẹ nínú ìkòkò kan náà sọ̀rọ̀. Bí ọbẹ̀ kò bá korò lẹ́nu wọn, ẹ lọ wo ẹnu ara yín ní ilé ìwòsàn. Ìkòkò kan náà kò lè jẹ́ májèlé fún ẹnu kan, kí ó jẹ́ oúnjẹ fún ẹnu mẹ́fà.

Ìfarakàn-òfo

Ti awọ ara nìyí. Ẹnì kan ní eèrà ń rìn lábẹ́ awọ òun. Ó ń họ ara títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. A wo ara rẹ̀, a kò rí eèrà.

Ọ̀nà kan tí èyí ń gbà wá ni sódàbì. Ẹni tó ti ń mu sódàbì púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, bó bá dá a dúró lójijì, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí rí eku àti kòkòrò, kí ó máa gbá wọn kúrò lára, kí òógùn bò ó, kí ó má mọ ibi tó wà mọ́. Àwọn ará ilé yóò ní wọ́n ti sà sí i. Kì í ṣe àsàsí. Ọpọlọ tó ti mọ́ ọtí lára ni ó ń jà. Ó lè pa á. Ẹ má ṣe tì í mọ́ yàrá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó sì fẹ́ fi ọtí sílẹ̀, kí ó lọ rí dókítà kí ó tó dá a dúró.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbé tramadol mì nítorí iṣẹ́ oko, òun náà lè mú ènìyàn rí òfo, ó sì lè mú gìrì wá.

Nǹkan mìíràn wà tó sún mọ́ èyí. Zémijàn ṣubú, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọkùnrin kan. Lẹ́yìn oṣù kan, ó ń ké pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà ń dun òun. Ẹsẹ̀ tí kò sí! Ní Amẹ́ríkà, wọ́n jagun láàárín ara wọn láti 1861 sí 1865. Dókítà Silas Weir Mitchell tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tí wọ́n gé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn. Ní 1871, ó kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń mọ ẹsẹ̀ náà lára. Ẹsẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n yàrá ẹsẹ̀ ṣì wà nínú ààfin, ọba ṣì ń retí ìròyìn. Ẹ má ṣe fi ẹni náà rẹ́rìn-ín. Ìrora rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ogun òru

Nígbà mìíràn, gbogbo rẹ̀ dé pọ̀. Ènìyàn jí lóru, kò lè mira. Nǹkan wúwo jókòó lé e láyà. Ó rí òjìji lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ẹsẹ̀. Ó fẹ́ kígbe, ohùn kò jáde. Àwọn kan ń pè é ní ogun òru.

Nígbà tí a bá ń lá àlá, ara máa ń dè wá mọ́lẹ̀, kí á má baà dìde ṣe ohun tí à ń lá. Nígbà mìíràn ojú là kí okùn náà tó tú. Àlá kò tíì lọ, ojú ti là. Ó máa ń tú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó wọ́pọ̀ fún ẹni tó rẹ̀, ẹni tí kò sùn tó, ẹni tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, tó kọjú sókè. Ẹ sùn tó. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ má ṣe fi òjìji yẹn sọ orúkọ arúgbó kankan.

Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kọ́ ni oògùn

N kò wá bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó rí ìran nínú àdúrà tàbí níwájú òrìṣà, tó padà sílé ní àlàáfíà, tó jẹun, tó lọ sóko, ọ̀rọ̀ òun àti ẹ̀sìn rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí mò ń sọ ni ẹni tí òfo gba oorun lójú rẹ̀, tó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn nílò ìtọ́jú.

A mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń so ó mọ́ igi. Wọ́n ń nà án kí ẹ̀mí búburú lè jáde. Wọ́n ń fi ebi pa á. Ọgbẹ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ di egbò, egbò sì pa ẹni tí àìsàn kò pa.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní ọdún 1954, ní Abẹ́òkúta, dókítà Yorùbá kan, Thomas Adeoye Lambo, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwòsàn Aro. Àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká. Ará ilé aláìsàn ń bá a wá, ó ń se oúnjẹ fún un. Wọ́n ń gba oògùn, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé gbé. Gbogbo ayé wá kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, ọmọ Benin kan wà, Grégoire Ahongbonon. Dókítà kọ́ ni. Iṣẹ́ táyà ni ó ń ṣe ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Ó rí àwọn aláìsàn tí wọ́n so mọ́ igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí gé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wọn, ó ń mú wọn lọ gba ìtọ́jú. Ó mú iṣẹ́ náà wá sí Benin. Ilé kan wà ní Avrankou, nítòsí Àjàṣẹ́. Bí oníṣẹ́ táyà bá lè ṣe é, kí ni àwa ará ilé ń dúró dè?

Bí òfo bá mú ẹni yín

Ẹ má ṣe pariwo mọ́ ọn pé: «Irọ́ ni!» Ó rí i. Ẹ má sì ṣe sọ pé ẹ̀yin náà rí i, nígbà tí ẹ kò rí i. Ẹ sọ fún un pé: «Èmi kò rí i. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Mo wà níbí.»

Ẹ gbé àdá àti ọ̀bẹ kúrò nítòsí. Ẹ bi í bóyá ohùn náà ń pàṣẹ ibi fún un. Ẹ bi í irú oògùn tàbí ewé tó jẹ, àti ọtí tó mu. Ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀, bóyá ó gbóná.

Bí ara bá gbóná, bí gìrì bá wà, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, bí ohùn bá ń pàṣẹ ikú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe ètùtù tàbí àdúrà, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n kí aláìsàn ti dé ọ̀dọ̀ dókítà ná.

Kí á tó túká

Ẹ jẹ́ kí á fi ìbéèrè mẹ́ta parí. Kí oníkálùkù kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, kí ó kà á fún àwọn ará ilé.

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀tàn ojú àti ìrí-òfo?
2. Ọmọ kan ní ibà, ó ń rí ẹranko lára ògiri. Kí ni kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe?
3. Arúgbó kan nínú ilé yín ní òun rí àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò rí. Kí ni ẹ óò sọ fún un?

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè kẹta yẹn, mo kùnà á nígbà tó kàn mí. Mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ báyìí. Bí ó bá ṣeé ṣe kí n padà sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n óò tan iná. N óò jókòó sí ẹ̀bá ààrò, níbi tó ní àwọn ọmọ náà wà. N óò sọ pé: «Ìyá, èmi kò rí wọn. Ojú yín ló ń ṣe é, ẹ ó rí dókítà. Ẹ gbé àkàsà yẹn wá, ebi ń pa mí.»